Ọ̀rọ̀ wo ni oníbàárà yóò tẹ̀ kó tó rí ọjà wa?

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ lè kọ orúkọ yín sí ara àpò. Ẹ lè ka ohun tí òṣùwọ̀n wí. Ẹ lè ka iṣẹ́ tí wọ́n rán sínú tẹlifóònù yín láì pe ọmọ kó wá kà á fún yín. Ẹ̀kọ́ tòní fẹ́ kí ẹ lo ìmọ̀ náà síbi kan tó kan owó yín gan-an: bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ tí oníbàárà yóò fi rí ọjà wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Kétu ni ìyá yìí ń gbé, gàrí ló ń dín. Òun àti obìnrin mọ́kànlá mìíràn ló jọ ń ṣe é. Wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń fún un, wọ́n ń kù ú, wọ́n ń dín in. Gàrí wọn mọ́, ó gbẹ, ó ń dún lẹ́nu. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó bá àwọn ṣe ojú-òpó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní site. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe é, ó sì dára lójú. Àwòrán wọn wà níbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́. Lókè pátápátá, ó kọ ọ́ gàdàgbà ní èdè Faransé pé adùn ilẹ̀ wa nìyí, pé ogún àwọn baba ńlá wa nìyí.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní: «Ìyá, owó wa ti gbé o.»

Ní àkókò kan náà, obìnrin kan wà ní Kútọnu tó ní ilé oúnjẹ. Ó ń wá ogún àpò gàrí. Ó mú tẹlifóònù rẹ̀, ó ṣí Google, ó tẹ̀ ẹ́ báyìí: «gari en gros Kétou». Ojú-òpó àwọn ìyá wa kò jáde. Ẹni tó fẹ́ rà wà, ẹni tó fẹ́ tà wà, owó wà, gàrí wà. Ọ̀rọ̀ ni kò bá ọ̀rọ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká padà lọ wo ojú-òpó náà. Níbo ni wọ́n kọ «gari» sí? Inú àwòrán àpò nìkan ló wà. Níbo ni wọ́n kọ «Kétou» sí? Kò sí níbì kankan. Níbo ni wọ́n ti sọ pé àwọn ń tà á ní àpò-àpò? Wọn kò sọ ọ́.

Bí Google ṣe ń mọ̀ pé a wà

Google kò mọ̀ wá rí, kò sì mọ ìyá wa. Láti ọdún 1998 tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń lọ láti ojú-ewé dé ojú-ewé, ó ń ka ohun tí a kọ síbẹ̀, ó ń kó o sínú àkójọ ńlá kan. Nígbà tí ènìyàn bá tẹ ọ̀rọ̀, inú àkójọ yẹn ni Google ń lọ wò. Ó ń wo ojú-ewé tó sọ nípa ọ̀rọ̀ náà, èyí tó dáhùn ìbéèrè dáadáa, èyí tí àwọn ojú-òpó mìíràn ń tọ́ka sí, àti ibi tí ẹni tó ń béèrè wà. Lẹ́yìn náà ló tò wọ́n: èyí lókè, èyí nísàlẹ̀. Àwọn ènìyàn kì í sì í sọ̀kalẹ̀ lọ títí. Ẹni tó bá ti rí ohun tó fẹ́ lókè, kí ló tún fẹ́ wá dé ìsàlẹ̀?

Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń kiri ọjà. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ dárúkọ ohun tó rù. Oríkì ló ń ki ọjà rẹ̀ láti ìdí ilé kan dé ìkejì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ á yọjú lójú fèrèsé, á rí igbá, á mọ̀ bóyá ẹ̀kọ ni tàbí ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Lọ́mẹ́ tó ń wo tẹlifóònù kò lè yọjú wo igbá ẹni tó wà ní Kétu. Ẹ̀rọ Google pàápàá, ọ̀rọ̀ tí a kọ ló gbára lé jù. Oríkì dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi oríkì wá gàrí.

Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń tẹ̀ yẹn, yálà ẹyọ kan ni tàbí mẹ́rin, tàbí márùn-ún, òun ni à ń pè ní ọ̀rọ̀ ìṣàwárí. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní mot-clé. Ẹnu oníbàárà ló ti ń jáde, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan, ayé púpọ̀

Ẹ lè sọ pé: «Ó dáa, a ó kọ gari sí i, ó parí.» Kò parí o. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé ló wà nínú ọjà kan náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì lè jẹ́ ti ẹni púpọ̀.

Ní èdè Swahili, tí wọ́n ń sọ ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà, gari ni ọkọ̀, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ rìnrìn àjò. Ní Jàpáánì, gari ni atalẹ̀ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, tí wọ́n fi ń jẹ ẹja tútù. Ẹni tó bá tẹ «gari» nìkan, ta ló mọ èyí tó ń wá? Ká tilẹ̀ sọ pé gàrí tiwa ló ń wá. Ó lè jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ó lè jẹ́ aláìsàn tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè jẹ ẹ́. Wọn kì í ṣe oníbàárà.

Ti orúkọ ìlú wa tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń kọ èyí, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí nígbà tí mo rò ó. Ẹ wo Kétu. Àwa mọ Kétu Alákétu. Ṣùgbọ́n Ketu wà ní Èkó, àdúgbò ńlá ni. Ketu wà ní Gánà pẹ̀lú, lẹ́bàá ààlà Tógò. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ketu South ni Aflao wà, Aflao tí ẹ ó dé bí ẹ bá kọjá ààlà ní Lọ́mẹ́. Ní Brasil, Ketu ni orúkọ ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Candomblé, láti ara àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀. Ní Íńdíà, Ketu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án tí àwọn awòràwọ̀ wọn ń wò ní ojú ọ̀run, ìwé tí wọ́n sì ti kọ lórí rẹ̀ kò lóǹkà. Ìyá elégàrí wa wá fẹ́ kí «Ketu» nìkan mú oníbàárà wá! Ẹ ò rí nǹkan?

Àwọn ará Ṣábẹ̀ náà, ẹ fara balẹ̀. Faransé ń kọ orúkọ ìlú yín ní Savè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ àmì tó wà lórí è lórí tẹlifóònù. Bí àmì bá ti kúrò, ohun tó kù ni «save», ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí kí a tọ́jú owó pa mọ́, tàbí kí a gba ènìyàn là. Ó wà lórí bọ́tìnì tẹlifóònù káàkiri ayé. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Àjàṣẹ́ mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ Kwara ní Nàìjíríà, Àjàṣẹ́-Ìpo ni. Porto Novo mìíràn sì wà ní erékùṣù Santo Antão ní Cap-Vert.

Orílẹ̀-èdè pàápàá kò yọ. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni wọ́n yí orúkọ Dahomey padà sí Bénin. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ rárá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe Ìbìní, ìlú àwọn Ẹ̀dó ní Nàìjíríà, ní Benin. Ẹni tó bá tẹ «gari Benin» lè bá ara rẹ̀ ní Benin City.

Kí ni ká wá ṣe? Ká so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ènìyàn méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú agbo ilé, ṣé a kì í fi orúkọ ìyá wọn yà wọ́n sọ́tọ̀? Bákan náà ni. «Gari» gbòòrò jù. «Gari Kétou» ti dín ọ̀nà kù. «Gari en gros Kétou Bénin» ti di tiwa. Àwọn tó ń tẹ ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ kéré sí àwọn tó ń tẹ ẹyọ kan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá wa du ipò lórí rẹ̀ náà kéré, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́, ó mọ ohun tó ń wá. Fún ìyá tó ń ta ogún àpò lọ́sẹ̀, oníbàárà mẹ́ta tó mọ ohun tó fẹ́ sàn ju ẹgbẹ̀rún ẹni tó kàn ń kọjá lọ.

Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ yìí, kí ló fẹ́ ṣe?

Ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè yìí lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tẹ «comment faire le gari», ó fẹ́ dín gàrí fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó tẹ «prix sac de gari», owó ti ń wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye ló ń wádìí. Ẹni tó tẹ «livraison gari Cotonou» fẹ́ kí wọ́n gbé e wá bá òun nílé. Ẹni tó tẹ «acheter gari Lyon», Faransé ló wà. Bí a kò bá lè ránṣẹ́ dé ọ̀hún, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tiwa, kò sì yẹ ká fi sí ojú-òpó wa.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ rà ni ká kọ́kọ́ kọ ojú-ewé fún. Nígbà tó bá yá, ká tún kọ ọ̀kan lórí bí a ṣe ń dín gàrí wa, bí a ṣe ń fọ ẹ̀gẹ́, ọjọ́ mélòó ló fi ń wà nínú àpò kó tó kan. Ẹni tó ń kà á lónìí lè máà rà. Ṣùgbọ́n olówò ńlá tó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ wa mọ́ lè gba ibẹ̀ wọlé.

Nǹkan kan tún wà. Gàrí Sàvàlú ní òkìkí ní Bẹ̀nẹ̀, pàápàá èyí tó kúnná tí wọ́n ń pè ní sohoui. Ẹlòmíràn á ní: «Ẹ jẹ́ ká kọ gari de Savalou sí tiwa, àwọn ènìyàn ń wá a.» Ṣé Sàvàlú ni gàrí yín ti wá? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Oníbàárà tó bá fi irọ́ wọlé, ìbínú ni yóò bá jáde, yóò sì sọ fún ẹlòmíràn. Gàrí Kétu ní orúkọ tirẹ̀. Orúkọ yẹn ni kí ẹ mú dàgbà.

Ibi tí à ń wá ọ̀rọ̀ náà sí

Ẹ má jókòó sínú yàrá kí ẹ máa ro ó lórí. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ẹ fa ìlà sí àárín ojú-ewé. Apá òsì ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà lò gan-an sí, bó ṣe sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe. Apá ọ̀tún ni kí ẹ fa igi kékeré kan sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ tẹ́tí sí ohùn tí wọ́n rán sí yín lórí WhatsApp. Ẹ ka àwọn iṣẹ́ àtijọ́ tó wà nínú tẹlifóònù. Ṣé wọ́n ní «gari bien sec»? Ṣé wọ́n ní «gari fin»? Ṣé wọ́n ń béèrè àpò 25 kílò tàbí 50? Ṣé «ẹ lè gbé e wá sí Àjàṣẹ́?» ni wọ́n ń sọ ṣáá? Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ka igi wọ̀nyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé yín níye lórí ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè tà fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Google. Ẹ tẹ «gari», ẹ tẹ àlàfo kan, kí ẹ dúró. Ẹ má tíì sọ pé kó lọ wá a. Ẹ ó rí àwọn ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ àpótí náà. Google kò hùmọ̀ wọn. Láti inú ohun tí àwọn ènìyàn ti wá rí ló ti ń mú wọn. Ẹ kọ èyí tó bá kan ọjà yín sínú ìwé. Ẹ wá jẹ́ kó lọ wá a, kí ẹ wo àwọn ìbéèrè tí Google ń kọ sáàárín èsì, àti àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ojú-ewé. Ẹ tún wo àwọn tó wà lókè: ṣé ọlọ́jà bíi tiyín ni wọ́n, tàbí àwọn tó ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ oúnjẹ nìkan ló kún ibẹ̀, Google ti gbà pé ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn kò wá rajà. Ẹ wá òmíràn.

Ẹ má gbàgbé pé ohun tí tẹlifóònù yín fi hàn yín ní Kétu lè yàtọ̀ sí ohun tí ẹlòmíràn ń rí. Ẹ ní kí àbúrò tó wà ní Kútọnu, tàbí ọmọ tó wà ní Lọ́mẹ́, tẹ ọ̀rọ̀ kan náà, kó ya àwòrán èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Google tún ní irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Google Trends, láti ọdún 2006. Ó ń fi ọ̀rọ̀ méjì wéra, ó sì ń fi hàn èyí tí wọ́n ń wá jù ní orílẹ̀-èdè kan àti ní ìgbà wo nínú ọdún. Ó wúlò fún ọ̀rọ̀ ńlá. Fún ọ̀rọ̀ tí àwọn díẹ̀ ń tẹ̀, bíi «gari en gros Kétou», ó lè sọ pé òun kò ní àkọsílẹ̀ tó pọ̀ tó. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Ìwé àkọsílẹ̀ yín ṣì wà.

Èdè àti àkọtọ́

Èdè wo ni oníbàárà yín ń tẹ̀? Ní Kútọnu àti Lọ́mẹ́, Faransé ni jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gùn, Fọ̀n, Ẹwẹ̀ tàbí Yorùbá ló ń sọ nílé. Bí ẹ bá ń tajà dé Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ni, àkọtọ́ sì yí padà: r méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi sí i, «garri». Ẹ kọ ojú-ewé ọ̀tọ̀ fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra bí ọbẹ̀ àná. Sohoui náà, ẹlòmíràn ń kọ ọ́ ní «sohui». Ẹ lè kọ méjèèjì, ọ̀kan nínú àkọlé, ìkejì nínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀.

Ní ti Yorùbá wa, díẹ̀ ló ń tẹ àmì ohùn lórí tẹlifóònù. Síbẹ̀, bí ẹ bá kọ Yorùbá sí ojú-òpó yín, ẹ fi àmì sí i. Ènìyàn ló máa kà á. Orúkọ ìlú ni kí ẹ kọ lọ́nà tí wọ́n ń gbà tẹ̀ ẹ́, Kétou àti Ketu, kí ẹni méjèèjì lè rí yín.

Ibi tí a ó fi ọ̀rọ̀ náà sí

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ tó bá ohun inú rẹ̀ mu. Àkọlé ló ṣe pàtàkì jù, èyí tó máa ń yọ nínú èsì Google bí ìlà tí à ń tẹ̀. Dípò «adùn ilẹ̀ wa», ìyá wa lè kọ ọ́ báyìí: «Gari en gros à Kétou, Bénin : sacs de 25 et 50 kg». Kó má gùn jù, Google a máa gé e. Kí ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú àkọlé ńlá orí ojú-ewé, àti nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Kí ìwé kékeré abẹ́ àwòrán sọ ohun tó wà nínú àwòrán. Kí orúkọ àwòrán fúnra rẹ̀ jẹ́ gari-ketou, kì í ṣe nọ́ńbà gbọọrọ tí ẹ̀rọ àwòrán fún un. Adùn ilẹ̀ wa lè wà nísàlẹ̀. A kò ní kí wọ́n pa oríkì rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan, ojú-ewé kan. Bí ẹ bá ń ta gàrí, tí ẹ tún ń ta epo pupa, ẹ má kó wọn sínú ojú-ewé kan náà. «Huile rouge» ní oníbàárà tirẹ̀.

Ẹ tún yẹ nọ́ńbà tẹlifóònù yín wò. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti di oní-10. 01 ni wọ́n fi kún iwájú oní-8 àtijọ́. Mo ti rí ojú-òpó tó jáde lókè pátápátá tó jẹ́ pé nọ́ńbà oní-8 ló wà lórí rẹ̀. Oníbàárà rí wọn, kò lè pè wọ́n.

Bí ẹ bá ní ibi tí ènìyàn lè wá bá yín, ẹ fi í sí àwòrán ilẹ̀ Google náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ yín gan-an ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Google kò gbà kí a fi ọ̀rọ̀ ìṣàwárí kún orúkọ.

Àwọn tó ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ẹlòmíràn á kọ gari, gari, gari, ní ọgọ́rùn-ún ìgbà sí ojú-ewé kan. Ẹlòmíràn á fi àwọ̀ funfun kọ ọ́ sórí funfun kí ènìyàn má rí i, kí ẹ̀rọ nìkan kà á. Google ka méjèèjì sí èrú. Ó lè rẹ ojú-òpó náà sílẹ̀, ó lè yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹ kà á sókè bí ẹ bá kọ ọ́ tán. Bó bá ń dún bí ẹni tó ń kólòlò, ó ti pọ̀ jù.

Bí oníṣẹ́ kan bá ní kí ẹ san owó kí òun kó àwọn ọ̀rọ̀ kan pa mọ́ sínú ààyè tí wọ́n ń pè ní meta keywords, ẹ sọ fún un pé láti ọdún 2009 ni Google ti kéde pé òun kò lo ààyè náà láti fi to èsì. Bó bá tún ní òun mú un dá yín lójú pé ẹ ó wà ní ipò kìíní, ẹ pa àpò yín dé. Google fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ka iye

Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ mìíràn wà, Search Console. Ẹ ó kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ojú-òpó náà. Lẹ́yìn náà, yóò máa sọ fún yín ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí ẹ tó jáde, iye ìgbà tí ẹ jáde, àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ yín wọlé. Ẹ fún un láyè. Àtúnṣe tí ẹ ṣe lónìí lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan kó tó hàn.

Ká ní ìyá elégàrí wa ti tún ojú-òpó rẹ̀ ṣe, oṣù mẹ́rin sì ti kọjá. Ó ṣí Search Console, ó sì bá èyí:

«gari»: ó jáde ní ìgbà 800, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 4.

«gari en gros kétou»: ó jáde ní ìgbà 40, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 10.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní: «800 ló pọ̀ jù, gari nìkan ni ká máa lé.» Ẹ bá a ṣírò rẹ̀. 4 nínú 800, ìyẹn ni ẹnì kan nínú 200. 10 nínú 40, ìyẹn ni ẹnì kan nínú mẹ́rin. Nínú àwọn mẹ́wàá wọ̀nyí, ìyá wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé àwọn mẹ́ta pe tẹlifóònù, ẹnì kan sì ra ogún àpò.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ kọ orúkọ ọjà tí ẹ ń tà tàbí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà márùn-ún ohun tí wọn ì bá tẹ̀ sórí tẹlifóònù bí wọn kò bá mọ̀ yín rí. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

2. Ṣé orúkọ ìlú yín wà níbòmíràn ní ayé? Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ó fi kún un kí ó lè di tiyín?

3. Aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́ kọ «couture» nìkan sí àkọlé ojú-òpó rẹ̀. Aṣọ ìgbéyàwó ló ń rán jù. Ẹ bá a kọ àkọlé tuntun, kó má ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ.

4. Ọ̀rọ̀ kan jáde ní ìgbà 300, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 6. Òmíràn jáde ní ìgbà 60, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 12. Ẹnì kan nínú mélòó ló wọlé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?